Balkis Kò Jẹ Gbèsè Ààwẹ̀

"Bàtà yẹn ni, Dókítà. Tuntun ni, kò tíì mọ ẹsẹ̀ mi."

Dókítà Ọmọ́níkẹ́ gbé fọ́tò egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè síbi iná, ó fi ìdí bírò tọ ìlà tín-ín-rín kan tó wà lójúgun. Egungun ti sán.

"Ṣé o ṣubú ni?"

"Rárá, mà. Mo kàn ń sáré ni."

"Kí ló ń lé ọ?" Alhaja Sàfúrátù, ìyá Balkis, ló já lu ọ̀rọ̀. Láti Ìlọrin ló ti wá bá ọmọ rẹ̀ ṣe ọdún ìtúnu ààwẹ̀ nílé rẹ̀ ní Jahi, ohun tójú rẹ̀ sì rí níbẹ̀ ti sú u. "Dókítà, ẹ bá mi bi í. Kí ilẹ̀ tó mọ́, á wa mọ́tò dé Maitama níbí, á sọ̀ kalẹ̀, á máa sáré yí ilé àwọn mínísítà po, á tún wọ mọ́tò padà wálé. Ta ló rán an?"

Kò sẹ́ni tó rán an. Báńkì tó ń bá ṣiṣẹ́ ló máa ń ṣe eré ìje fún àwọn òṣìṣẹ́ lọ́dọọdún, ti ọdún yìí sì di Sátidé. Ọdún méjì sẹ́yìn ni Balkis kọ́kọ́ gba ipò kìíní láàárín àwọn obìnrin, tí wọ́n lẹ fọ́tò rẹ̀ mọ́ ògiri báńkì. Láti ọjọ́ náà ni kò ti jẹ ohun tó ṣeé pè ní oúnjẹ mọ́, kí ẹni tó wà lára ògiri má baà rẹwà ju òun lọ. Kùkúḿbà láàárọ̀, ẹyin láìsí pupa rẹ̀ lọ́sàn-án. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á po tíì tí kò ní mílíìkì, tí kò ní ṣúgà, tí kò sì nídìí.

"Nǹkan oṣù rẹ ńkọ́?" ni dókítà bi í.

"Ó ń wá dáadáa, mà."

"Lóṣooṣù?"

"Lóṣooṣù, mà."

Tẹ̀súbáà tí Alhaja ń fà dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

"Balkis, ààwẹ̀ mélòó lo jẹ ní gbèsè?"

"Màmá, kí ló kan ààwẹ̀ nínú eléyìí?"

"Mo ní mélòó."

Balkis wolẹ̀. Obìnrin tó bá ń rí nǹkan oṣù kì í gba ààwẹ̀ pé. Yóò jẹ gbèsè ọjọ́ mélòó kan, yóò sì san án tí oṣù ààwẹ̀ bá lọ tán. Òun gbà á pé pérépéré, ó sì fi yangàn lọ́jọ́ ọdún. Alhaja fúnra rẹ̀ pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ n'Ílọrin pé ọmọ òun kò jẹ ìkankan, kí wọ́n bá òun ṣe àmín. Ayọ̀ kò jẹ́ kó bi ara rẹ̀ bó ṣe ṣeé ṣe.

"Mi ò jẹ ìkankan."

"Ti èṣí ńkọ́?"

"Màmá..."

"Yéè! Dókítà, ta ló fún un lóyún?"

"Oyún èṣí kẹ̀, Màmá? Ì bá ti máa rìn." Dókítà gbé fọ́tò náà kalẹ̀. "Ebi ni."

Balkis ní ebi kò pa òun.

"Ebi ń pa ọ́, o ò gbọ́ ni. Bí oúnjẹ tó ń wọlé kò bá tó iṣẹ́ tí ara ń ṣe, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn ilẹ̀kùn kan. Ó ti ti ilẹ̀kùn nǹkan oṣù. Ohun tó ń mú nǹkan oṣù wá náà ló ń bá wa ṣọ́ egungun. Bí kò bá sí mọ́, egungun á máa fẹ́lẹ́. Tó o bá sáré lọ́jọ́ Sátidé, eléyìí lè kán pátápátá."

"Ẹyọ kan yìí péré, mà. Lẹ́yìn náà, màá sinmi."

"Egungun ìyá àádọ́rin ọdún lo gbé sẹ́sẹ̀, o ní o fẹ́ fi sáré."

"Ẹ dákun, Dókítà," ni Alhaja wí, "ẹ má fi àwa àgbà wé e. Tiwa ṣì le."

A lè fẹ́ gbà pé "kán" ló ba Balkis lẹ́rù. Rárá o. "Ìyá àádọ́rin ọdún" ló gbé dé inú mọ́tò, tó sì gbé dé ilé.

Nílé, Alhaja gbé wàrà díndín ka iwájú rẹ̀, ó sì jókòó tì í. "Mi ò padà sí Ìlọrin mọ́. Ọjọ́ tí ara rẹ bá ṣí ilẹ̀kùn tó tì ni èmi náà máa ṣí tèmi."

Balkis wo wàrà títí. Ó gbé fóònù, ó pe ọ̀gá rẹ̀. "Ẹ fi orúkọ Oyíndà rọ́pò tèmi, sà. Mi ò ní sáré." Nígbà tó sọ fóònù kalẹ̀, ó mú wàrà ẹyọ kan, ó fi bébà fún òróró ara rẹ̀ dànù, ó sì jẹ ẹ́. Alhaja rí òróró náà. Ọlọ́hun ló bá a di ẹnu rẹ̀ mú.

Ọyẹ́ lọ, máńgòrò gbóde. Alhaja ṣì wà ní Jahi, ó ń dín ẹja, ó ń bínú, ó sì ń jí ọmọ rẹ̀ láràárọ̀.

"Balkis! Àsùbáà ti tó o!"

"Màmá, mi ò ní lè kírun lónìí."

Kò sí ọmọ tó dán irú ẹ̀ wò rí lábẹ́ òrùlé Sàfúrátù. Ó ti lanu láti bú u kó tó rántí ohun tó máa ń yọ̀ǹda obìnrin kúrò lórí ìrun. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ di ilẹ̀kùn mú.

"Alhamdulilahi," ló wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ó tẹ́ ẹní tirẹ̀. Kó tó kábàárà, ó tún yíjú padà.

"Bó ò bá kírun, dìde kó o jẹun!"