Orúkọ Mọ́kàndínlógún Lẹ́yìn Jẹ́sì Bàbá Mi

Jẹ́sì kan ṣoṣo ni bàbá mi, Emil Hruska, ní, ó sì ti gùn dé orúnkún rẹ̀ báyìí. Nígbàkigbà tí ẹgbẹ́ Arọ́rin, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ìlú wa, bá fi ajubọ́ọ̀lù tuntun bẹ̀rẹ̀ eré, á gé aṣọ funfun tẹ́ẹ́rẹ́, á kọ orúkọ ẹni náà sí i, á sì rán an sẹ́yìn jẹ́sì náà, lábẹ́ orúkọ ẹni tó ṣáájú. Nígbà tí ẹ̀yìn jẹ́sì kún, ó rán aṣọ mìíràn mọ́ etí rẹ̀ nísàlẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́rìnlélógún, orúkọ mọ́kàndínlógún ló ti wà níbẹ̀. Òfin kan péré ló fi lélẹ̀: ẹni tí kò bá wà lórí pápá láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ eré, orúkọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan jẹ́sì náà.

Gbogbo ìlú wa létí adágún Erie ló gbà pé àìrí ajubọ́ọ̀lù gidi ló ń bá wa jà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Kò tíì ju ọdún kan lọ tí mo gboyè, iṣẹ́ tí mo sì rí ni gígé fídíò eré fún ẹgbẹ́ náà. Lójoojúmọ́ ni mò ń wo àwọn adènà márùn-ún tó yẹ kí wọ́n dúró bí ògiri níwájú ajubọ́ọ̀lù kí ó tó ráyè ju bọ́ọ̀lù. Mo fi aago wọ̀n wọ́n: apá òsì kì í dúró ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ. A kì í ṣe ìlú tí kò rí ajubọ́ọ̀lù. Ìlú tó ń fọ́ wọn ni wá.

Lọ́dún yìí, wọ́n yan Corwin Teague, ọmọ ọdún méjìlélógún láti West Virginia. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ṣèlérí ní gbangba pé Teague yóò jókòó lórí bẹ́ǹṣì fún odindi sáà kan, kí wọ́n lè tún ògiri náà mọ kí ó tó wọlé. Brandt, àgbà ajubọ́ọ̀lù tí èjìká ń dùn, ni yóò máa fara dà á títí dìgbà náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì ni ìlú wa máa ń fẹ́ràn jù, nítorí kò tíì já ẹnikẹ́ni kulẹ̀.

Láàárọ̀, Teague a máa wá jókòó tì mí ní yàrá fídíò. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà sẹ́yìn díẹ̀," ni yóò wí, á sì máa kọ ohun tó rí sínú ìwé kékeré kan.

Ní ọ̀sán Sátidé, bí èmi àti bàbá mi ti ń jẹun, mo ní, "Dádì, mo bẹ̀ yín. Lọ́la, ẹ má pariwo orúkọ Teague."

"Ṣé èmi nìkan ni mo lẹ́nu ní pápá ni?"

"Ẹ̀yin lẹ máa ń dá a sílẹ̀, àwọn tó kù á sì gbà á lẹ́nu yín. Mo ti wo fídíò yẹn, Dádì. Tí wọ́n bá fi ọmọ yẹn síbẹ̀, wọ́n á ṣẹ́ ẹ léegun."

Ó gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Lenka, mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ajubọ́ọ̀lù gidi kan péré ni mo fẹ́ rí kí n tó kú. Ẹyọ kan!"

"Ẹ ṣèlérí fún mi."

Ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Mo ti dákẹ́."

Lọ́jọ́ Àìkú, yìnyín ń já bọ́ láti orí adágún. Ẹ̀gbẹ́ bàbá mi ni mo jókòó sí. Ní apá kejì rẹ̀ ni Dwight Pettibone wà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ti jọ ń wòran láti ogún ọdún. A kò tíì ní àmì kankan. Àwọn àlejò ti ní mẹ́tàdínlógún.

"Emil, kí ló ṣe ẹ́?" ni Dwight bẹ̀rẹ̀. "Ṣé o ti fi abẹ́rẹ́ ẹ rán ẹnu ẹ pọ̀ ni?"

"Fi mí sílẹ̀, jàre."

"Ìyá àgbà mi tó ti kú á ju bọ́ọ̀lù ju Brandt yìí lọ!"

Nígbà náà ni Brandt ju bọ́ọ̀lù sọ́wọ́ ọ̀tá lẹ́ẹ̀kẹta. Bàbá mi dìde.

Mo di apá aṣọ rẹ̀ mú. "Dádì!"

Kò wò mí. "Teague! Teague!"

Àwọn tó yí wa ká gbà á, lẹ́yìn náà gbogbo apá ìlà-oòrùn, lẹ́yìn náà ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta ènìyàn. Lókè, nínú yàrá onígíláàsì, mo rí ẹni tó ni ẹgbẹ́ tó gbé fóònù sétí. Nísàlẹ̀, akọ́nimọ̀ọ́gbá gbọ́ ohun tí wọ́n wí fún un lórí fóònù, ó mi orí lẹ́ẹ̀mejì pé rárá. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, kò mi orí mọ́; ó ní kí Teague wọlé.

Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí Teague jù la yìnyín kọjá, ó sì balẹ̀ sọ́wọ́ ẹni tó ń sáré láìjẹ́ pé onítọ̀hún yí ọrùn padà. Àmì wọlé. Bàbá mi so mọ́ Dwight, ó ń sunkún. "Òun ni! Òun náà nìyẹn!" Kí n má parọ́, èmi náà pariwo.

Kò pẹ́ rárá. Apá òsì ògiri ṣí sílẹ̀ bí ilẹ̀kùn, apá ọ̀tún sì ni ọmọ náà ń wò. Mo kà á nínú ọkàn mi: ọ̀kan, méjì. Méjì nínú àwọn àlejò já lù ú lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí wọ́n dìde kúrò lórí rẹ̀, ọwọ́ tó fi ń ju bọ́ọ̀lù kọjú síbi tí ọwọ́ ènìyàn kì í kọjú sí.

Wọn kò tíì gbé e kúrò lórí pápá tí Dwight fi sọ̀rọ̀. "Wọ́n ní ọmọ kan wà ní Oklahoma. Ọdún tó ń bọ̀ ló máa jáde ní yunifásítì. Ọwọ́ ẹ̀, Emil, bí ìbọn ni!"

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, àwọn dókítà kéde pé Teague kò ní ju bọ́ọ̀lù mọ́. Mo gba ilé bàbá mi lọ. Jẹ́sì náà wà lórí tábìlì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà, orúkọ TEAGUE lára rẹ̀. Láti oṣù kẹrin tí wọ́n ti yan ọmọ náà ni bàbá mi ti gé e kalẹ̀.

"Ẹ rán an," mo ní.

"Àárín eré ló wọlé." Ó mú aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ náà. "Òfin ni òfin, ọmọ mi."

"Ẹ rán tiyín síbẹ̀ nígbà náà. Ẹ kọ HRUSKA, kẹ́ ẹ rán an sísàlẹ̀ pátápátá."

Ó ṣí agolo bísíkíìtì tó ń kó òwú sí, ó ju orúkọ Teague sínú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé kì í ṣe òun nìkan ló wà níbẹ̀: orúkọ méje, mẹ́jọ, àwọn tí eegun wọn ti ṣẹ́ kí òfin bàbá mi tó gbà wọ́n sórí jẹ́sì. N kò mọ ẹyọ kan nínú wọn.

Bàbá mi dé agolo náà, ó fa aṣọ funfun mọ́ra, ó sì mú sísọ́ọ̀sì.

"Lenka," ó ní, láìgbé ojú sókè, "báwo ni wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ọmọ Oklahoma yẹn?"