Ìtọ̀ Tó Mọ́

Ó pé ọjọ́ mẹ́sàn-án tí Mùbárákù ti dé sí Ìwó láti ibi ìdíje àgbáyé, síbẹ̀ oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀. Ràfíátù, ìyá rẹ̀ tó ń ta aṣọ lọ́jà, rò pé oúnjẹ òyìnbó ló dà á nínú rú. Ó se àgbo títí. Ohun tó ń ṣe ọmọ rẹ̀ kì í ṣe ohun tí àgbo ń wò.

Mùbárákù àti Habeeb ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló jọ bẹ̀rẹ̀ irin gbígbé lọ́dọ̀ Kóòṣì Olúdáre, lójú ọ̀nà Ilé-Ogbó. Habeeb lágbára jù ú lọ. Mùbárákù mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì bá a jowú. Nígbà tí wọ́n yan Habeeb fún ìdíje náà, tí kóòṣì ní òun yóò mú Mùbárákù dání kó lè máa bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe ìgbaradì, Ràfíátù kúnlẹ̀ dúpẹ́ oore.

Àárọ̀ ọjọ́ ìdíje lójú Mùbárákù tó là. Olúdáre pè é wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì na àpò rọ́bà pẹlẹbẹ kan sí i.

“Tọ̀ sínú rẹ̀, kó kún.”

Mùbárákù béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi í ṣe. Kóòṣì ṣàlàyé bí ẹni ń júwe ọ̀nà ọjà: oògùn agbára tí Habeeb ń gún sára láti oṣù mẹ́ta kò tíì kúrò lára rẹ̀. Bí àwọn aláyẹ̀wò bá ní kó tọ̀, ìtọ̀ tó mọ́ ni yóò tú jáde láti abẹ́ aṣọ.

“Kí lo rò pé mo torí ẹ̀ mú ọ wá?” ni Olúdáre wí. “Ìwọ tí o kì í lo nǹkan kan. Àní pánádóò, o kì í gbé e mì.”

Ọdún mẹ́rin ló ti ń yìn ín níwájú ẹgbẹ́ pé ọmọ tó kóra rẹ̀ níjàánu ni. Mùbárákù tọ̀ sínú àpò náà. Kóòṣì gbà á ní gbígbóná, ó sì fi í há abíyá kó má bàa tutù.

Habeeb fa ogóje kílò sókè orí. Nígbà tó kan èyí tí wọ́n ń kọ́kọ́ gbé lé èjìká kí wọ́n tó tì í sókè, kílò kan péré ló fi ju ọkùnrin kúkurú kan láti erékùṣù kan lọ. Habeeb gba àmì ẹ̀yẹ idẹ, ọkùnrin náà ṣe ipò kẹrin. Ó fi aṣọ ìnujú bojú, ó ń sunkún. Nígbà tó yá, ó wá bọ Mùbárákù lọ́wọ́, ó ní ó kú oríire ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹfun tí wọ́n ń fi pa ọwọ́ kí irin má bàa yọ̀ ṣì wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Mùbárákù fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́jọ́ náà. Òórùn ìtọ̀ ló ń gbọ́ ṣáá.

Àyẹ̀wò kò rí nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ sí Ìwó, láti Kuta ni àwọn ọlọ́kadà ti wá pàdé wọn. Habeeb so idẹ mọ́rùn, ó gbé apá lé Mùbárákù léjìká, ó ń sọ fún gbogbo èrò pé bí kò bá sí ti arákùnrin òun yìí, òun kò lè rí i gbà. Ó wá bojú wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Mùbárákù rìn lọ sẹ́yìn ilé epo kan, ó sì bì.

Lọ́jọ́ kẹwàá ló jókòó ti ìyá rẹ̀, ó sọ ọ́ látòkè délẹ̀. Ràfíátù gbé aṣọ tó ń ká sílẹ̀.

“Ìwọ náà lo tọ̀ ọ́.”

“Èmi ni, màámi.”

Ó ní kó lọ wẹ̀, kó kírun, kó sì lọ sọ ọ́ níbi tó yẹ.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn tí Mùbárákù kọ̀wé sí àwọn aláyẹ̀wò ni ìdájọ́ jáde. Wọ́n gba idẹ náà padà, wọ́n lé Olúdáre kúrò nídìí iṣẹ́, wọ́n sì ní Mùbárákù fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ díje fún ọdún méjì. Àwọn ará ìlú ní ìlara ló ṣe é. Àwọn oníbàárà kan kò yà sí ìsọ̀ ìyá rẹ̀ mọ́.

Habeeb wá lẹ́ẹ̀kan. Kò wọlé, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí.

“Ká ní èmi ni mo bẹ̀ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, tí kì í ṣe kóòṣì, ṣé wàá kọ̀?”

Mùbárákù fẹ́ ní òun ì bá kọ̀. Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Ìríra tó gùn ún lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti Habeeb, ti ara rẹ̀ ni. Habeeb dúró títí, lẹ́yìn náà ó gun ọ̀kadà rẹ̀, ó lọ.