Iye Tó Wà Lójú Ẹ̀rọ

Lábẹ́ afárá ńlá tó wà lókè odò, wọ́n de ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ apá irin, ó dojú kọlẹ̀. Tọ̀sán-tòru ló ń wọn àlàfo tó wà láàárín òun àti omi. Bí omi bá ṣe ń kún ni iye ojú rẹ̀ ń dín kù. Obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ ló máa ń yọ iye yẹn kúrò nínú mítà mẹ́fà, ìyẹn gíga ẹ̀rọ náà sí ìsàlẹ̀ odò, kó tó sọ bí omi ṣe jìn tó fún ẹnikẹ́ni.

Láràárọ̀ ni àbúrò rẹ̀ atukọ̀ máa ń pè é láti èbúté. Omi tó bá gba abẹ́ afárá kọjá láàárọ̀, ó di ọ̀sán kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ọkọ yín abẹ́ afárá ti jí? Kí ló wí?"

"Ó ní kí n bá òun gbá ẹ létí. Mítà méjì lomi. Máa tukọ̀ ẹ lọ."

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan tí òjò rọ̀ mọ́jú, orí àkàbà ló wà, ó ń nu òwú aláǹtakùn kúrò lójú ẹ̀rọ, nígbà tí fóònù rẹ̀ dún nínú báàgì. Oníná tó wá pààrọ̀ bátìrì bá a gbé e.

"Àbúrò yín ni," oníná wí nígbà tí obìnrin náà sọ̀kalẹ̀. "Ó ní kí n kí ọkọ yín. Mi ò mọ̀ pé ẹ ti lọ́kọ."

"Ẹ má dá a lóhùn. Kí lẹ sọ fún un?"

"Ohun tó wà lójú ẹ̀rọ náà ni. Méjì."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá wí pé méjì, omi ti di mẹ́rin. Ó pe àbúrò rẹ̀, ó tún un pè, kò gbé e. Inú ọ̀rá ni àbúrò rẹ̀ máa ń di fóònù sí bó bá ti wà lójú omi.

Ìkún omi náà ká a mọ́ àárín odò. Ọkọ̀ nìkan ni wọ́n rí, ó dojú dé sáàárín koríko.

Oníná wá sílé, ó sunkún títí. Kò sẹ́ni tó bá a wí. Ohun tó rí náà ló kúkú sọ.

Àwọn òmùwẹ̀ ní àwọn ò lè wọ odò wá a àfi bí omi bá fà. Ẹnu obìnrin náà ni wọ́n ń wò. Ìyá rẹ̀ bá a lọ sórí afárá, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé, oòrùn ti mú."

"Kí ló wí?"

"Omi ti ń fà, mà."

"Má tíì sọ fún wọn." Ìyá ò gbójú sókè. "Ó lè wà lábúlé kan. Ọmọ yẹn mọ̀ ọ́n wẹ̀. Bí wọ́n bá ti wọ odò báyìí, wọ́n á rí i."

Obìnrin náà yọ iye náà kúrò nínú mẹ́fà, ó tún un yọ, bí ẹni pé ìṣirò lè ṣàánú òun. Lẹ́yìn náà ló pe olórí òmùwẹ̀.

"Ó ti fà, ẹ̀gbọ́n. Ẹ lè wọ odò."

Ìyá rẹ̀ gbọ́. Kò sunkún. Ó tú ìborùn kúrò léjìká, ó gbọn ọ́n, ó ká a dáadáa.

"Mú un lọ fún wọn," ó ní. "Kí wọ́n fi bò ó. Mi ò fẹ́ kí àwọn ará ọ̀nà máa wò ó."