Dókítà, Ẹ Jókòó

Mi ò ní kọ nǹkan kan síbẹ̀. Ìlà mẹ́ta péré ni wọ́n fà sínú fọ́ọ̀mù yìí, kí èèyàn wá fi ìyẹn kọ ohun tó ń ṣe é. "Kí ló gbé ọ wá sọ́dọ̀ wa?" Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi wá. Tawfik tí a jọ ń gbé yàrá ló lé mi wá, òun tó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn láàárọ̀ yìí tó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, bí o ò bá lọ lónìí, màá pe bàbá ẹ." Mo ti wá. Kí ni kí n tún kọ? Pé mi ò rí oorun sùn? Pé ó ti pé ogójì ọjọ́ tí mo ti wọ kíláàsì gbẹ̀yìn? Pé lọ́sẹ̀ tó kọjá mo dùbúlẹ̀, mo ń rò ó pé bí ilẹ̀ bá mọ́ tí mi ò sì jí... rárá. Mi ò ní ro ìyẹn níbí. Bí mo bá dìde báyìí, ìṣẹ́jú kan ni màá fi jáde, mi ò sì ní padà wá mọ́. Mo mọ ara mi.

"Dókítà, ẹ jókòó, ó máa tó kàn yín." Màdáámù Sohair nìyẹn, akọ̀wé wọn, pẹ̀lú ife tíì rẹ̀ àti èèpo ọsàn tó kó jọ sórí fáìlì ọmọ ọlọ́mọ. Ó sọ ọ́ sókè. Gbogbo àwọn tó tò síta níbi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì ló gbọ́. Ta ló tiẹ̀ ní kí wọ́n fi ọ́fíìsì ìmọ̀ràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì? Ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo yunifásítì ló ń to ìlà níbẹ̀, èèyàn á sì gba iwájú wọn kọjá kó tó kan ilẹ̀kùn. Wọ́n wá lẹ ìwé mọ́ ògiri níbí pé àṣírí yín bò lọ́dọ̀ wa. Àṣírí wo? Kí n tó jókòó ló ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Hẹ̀ẹ́, dókítà náà tún ń wá dókítà! Ta ló wá kù tó máa tọ́jú àwa?" Ó rẹ́rìn-ín, ó na ìdajì ọsàn sí mi. Kò ní nǹkan burúkú lọ́kàn. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú — nínú gbogbo wọn, kò sí ẹnì kankan tó ní nǹkan burúkú lọ́kàn rí.

Ọmọbìnrin kan jókòó níwájú mi. Ojú rẹ̀ ti wú, ó fi etí ìborùn rẹ̀ nu imú. Sohair ń pè é ní "Ẹnjiníà." "Ẹnjiníà, ìwọ ló tẹ̀ lé ẹni tó wà nínú ilé." Ọmọ ọdún kìíní, kò tíì lè to bíríkì méjì lé ara wọn. Ẹnjiníà. Gbogbo wa la ti joyè nílẹ̀ yìí ká tó mọ iṣẹ́. Dókítà níbí, Ẹnjiníà lọ́hùn-ún — ẹ fi wá sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́.

Ta ló tiẹ̀ fi mí joyè?

Bàbá mi ni. Ọjọ́ tí èsì ìdánwò jáde, tí wọ́n ní mo gba méjìdínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, òun ni, kò jẹ́ kí oòrùn wọ̀. Ó pe ẹni tó ń kun pátákó, ó ní kó pa orúkọ ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta oúnjẹ adìyẹ rẹ́, kó kọ òmíràn. Ilé Oúnjẹ Adìyẹ Bàbá Dókítà. Mi ò tíì gba fọ́ọ̀mù yunifásítì o. Màmá mi ń po ohun mímu pupa fún gbogbo àdúgbò, wọ́n ń kí i pé Ìyá Dókítà, Ọlọ́run jẹ́ o jẹun ọmọ. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó pè mí ní Rifaat mọ́ ní gbogbo abúlé wa, Kafr Zeini. Orúkọ bàbá bàbá mi ni o. Wọ́n ká a pa mọ́ bí aṣọ tí kò bá ọmọ mu mọ́.

Àti Àǹtí Insaf. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Òun ló ń wẹ̀ mí nínú ọpọ́n ní kékeré, òun ló bọ́ bàtà lé mi yí ilé po lọ́jọ́ tí mo ṣílẹ̀kùn fún àwọn ẹyẹlé rẹ̀ tí wọ́n fò lọ. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi pé ẹ káàbọ̀, Dókítà. Ẹ káàbọ̀! Èmi ọmọ ọdún méjìdínlógún. Mo ní, "Àǹtí, ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́." Ó ní, "Kí ni kí n máa wá pè yín? Ẹ jẹ́ kí n gbádùn ẹnu mi."

Mi ò ráyè mí. Bí mo bá ti wálé lọ́jọ́bọ̀ báyìí, bàtà á ti kún ẹnu ọ̀nà. Dókítà, ẹ bá mi wo fọ́tò ẹ̀dọ̀fóró yìí. Dókítà, ẹ gún ọmọ yìí lábẹ́rẹ́. Ọdún kejì la wà. Orúkọ egungun ni wọ́n ń kọ́ wa. Òkú ni mo mọ̀ ọ́n wò, òkú kì í sì í béèrè ọ̀rọ̀. Mo sọ fún bàbá mi. Mo sọ ọ́, àbí mi ò sọ ọ́? Ó ní, "Ohun tí o bá mọ̀, sọ ọ́ fún wọn. Má dójú tì mí." Ó wá lọ ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ó gbé e sórí tábìlì pálọ̀, màmá mi fi aṣọ léèsì bò ó. Ṣé èmi ni mo ní kó rà á?

Ọjọ́ kejì Iléyá ni. Kí n tún un rò — bí mo bá tún un rò dáadáa, màá rí ibi tí kì í ṣe ẹjọ́ mi. A ti jẹun tán, pálọ̀ kún. Àwọn àlejò bàbá mi jókòó yíká, tíì lọ́wọ́ wọn. Àǹtí Insaf wọlé, ó ní orí ń fọ́ òun láti ìpàkọ́, ọwọ́ ọ̀tún òun sì ń ṣe yìnrìnyìnrìn. Bàbá mi rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ṣí aṣọ léèsì yẹn fúnra rẹ̀. "Dókítà, wo ẹ̀gbọ́n mi." Àǹtí ká apá aṣọ, mo wé ìgbànú ẹ̀rọ yẹn mọ́ ọn lápá, mo fẹ́ ẹ, mo ki okùn rẹ̀ bọ etí. Àwọn ọmọdé ń pariwo, Iléyá ni, wọ́n ń lu agolo kiri. Mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Bí èèyàn ò bá gbọ́ dáadáa, ẹjọ́ ta ni? Mo tún un fẹ́. Mo ní, "Àádọ́jọ ni. Ó ga díẹ̀, ẹran tí ẹ jẹ ni. Ẹ mu karkade, omi ìṣápá tútù, kí ẹ sùn." Àǹtí Insaf ní, "Ọlọ́run á bù sí i fún yín, Dókítà." Àwọn àlejò mi orí. Bàbá mi tún bu tíì fún gbogbo wọn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹnu Àǹtí Insaf ti wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Rọpá-rọsẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ò gbéra mọ́, ọ̀rọ̀ ò jáde mọ́.

Ǹjẹ́ wọ́n bú mi? Ká ní wọ́n tiẹ̀ bú mi! Kí ẹnì kan sáà dìde ní Kafr Zeini kó la igi mọ́ mi lórí. Wọ́n ní àmúwá Ọlọ́run ni. Wọ́n ní ọpẹ́lọpẹ́ Dókítà tó sáré wá mọ́tò, tó gbé e dé ọsibítù, ì bá ti kú. Ọpẹ́lọpẹ́ mi! Bàbá mi ń sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà lórí àpò oúnjẹ adìyẹ. Màmá mi ń sọ ọ́ lórí fóònù. Irọ́ ni wọ́n ń pa kiri láì mọ̀ pé irọ́ ni, èmi sì ni mo ń gbé e mì.

Ìgbà tí mo lọ kí Àǹtí kẹ́yìn ló burú jù. Wọ́n gbé e sórí àga lẹ́bàá fèrèsé. Ó rí mi. Kò lè sọ̀rọ̀. Ó rọra fi eyín fa apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó na ọwọ́ òsì sí mi, ọwọ́ tó ṣẹ́ kù yẹn. Ó ń dúró kí n wo ẹ̀jẹ̀ òun. Ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Mo ní mò ń bọ̀, mo bá ẹ̀yìnkùlé jáde, mo sì wọkọ̀ padà sí yunifásítì. Lọ́jọ́ kejì ni olùkọ́ wa pín ẹ̀rọ kan náà fún wa ní kíláàsì, ó ní kí kálukú wo ẹnì kejì rẹ̀. Ẹni tó wà níwájú mi na apá. Mo dìde. Ogójì ọjọ́ nìyẹn.

"Dókítà, fọ́ọ̀mù yín dà?" Sohair tún ti bẹ̀rẹ̀. "Ẹ̀ ń wò ó níran? Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́ o." Ó ń fi ọsàn há ẹnu sọ ọ́. Màá sọ fún un lónìí. Màá ní, màdáámù, ẹ yé pè mí ní dókítà, mo ní orúkọ, ẹ ò kàwé ni, orúkọ mi wà lókè fọ́ọ̀mù yìí, gàdàgbà, ẹ wò ó —

Dókítà Rifaat.

Ta ló kọ èyí?

Ìkọ̀wé mi ni. Bírò mi ni. Kò sẹ́ni tó di ọwọ́ mi mú. Bàbá mi ò sí níbí, Àǹtí Insaf ò sí níbí. Mo wá ibi tí wọ́n ti máa gbà mí sílẹ̀ lọ́wọ́ orúkọ yìí, òun sì ni mo kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, láì rò ó, bí ẹni ń kọ ọjọ́ òní. Ó dùn mọ́ mi. Èmi tí mò ń bínú sí gbogbo ayé yìí, ó dùn mọ́ mi, lójoojúmọ́ ló ń dùn mọ́ mi. Nígbà tí àwọn àgbààgbà yẹn dákẹ́ tíì wọn lọ́wọ́, tí wọ́n ń wo ẹnu mi...

Wọ́n dákẹ́.

Pálọ̀ dákẹ́.

Àwọn ọmọ yẹn ò sí níbẹ̀. Mo ti ń gbé ariwo wọn kiri láti Iléyá — wọn ò sí níbẹ̀. Àǹtí Insaf ti lé wọn síta kó tó ká apá aṣọ. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ báyìí: "Ó yá, ẹ gbé agolo yín jáde, kí Dókítà lè gbọ́ dáadáa." Ó ti ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ yẹn ń sọ̀ kalẹ̀, ó kan igba ó lé ogún, mo sì gbọ́ ọ, kì, kì, kì, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Mo tún un fẹ́. Ibì kan náà ni. Gbólóhùn kan ló yẹ kí n sọ: "Mi ò mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà." Mo wo ojú bàbá mi. Mo wo àwọn àlejò rẹ̀. Mo ní àádọ́jọ. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Èmi nìyẹn.

Ilẹ̀kùn inú ti ṣí. Ẹni tó wà níbẹ̀ ń jáde lọ, kò wojú ẹnikẹ́ni. Ọmọbìnrin yẹn dìde, ó tún jókòó, ó ń mi orí sí Sohair pé òun ò tíì lè wọlé.

"Ó yá, Dókítà, ẹ máa bọ̀."

Mi ò dìde. Ẹ dúró. Mo fi bírò fagi lé ọ̀rọ̀ kan níwájú orúkọ mi, mo fà á títí ìwé fi fẹ́ ya. Ìlà mẹ́ta wọn ti pọ̀ jù fún mi. Mo kọ ọ́ sórí ti àkọ́kọ́: igba ó lé ogún. Mo gbọ́ ọ.