Orúkọ Ara Ọkọ̀ Jẹ́ẹ́dé

"Ẹ̀gbọ́n, ìbọn yìí ti kọ̀ o. Láti àná ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́, ńṣe ló kàn ń tutọ́ sí mi lára."

Mọ́nsúrù gbé ìbọn ọ̀dà náà sórí tábìlì bí ẹni gbé òkú ẹyẹ kalẹ̀. Adégbénró wò ó, kò fọwọ́ kàn án. Ìbọn náà kò ju gègé ìkọ̀wé lọ. Òyìnbó tó kọ́ Adégbénró níṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ló fi ta á lọ́rẹ kó tó padà sílùú rẹ̀. Bí a bá fi rọ́bà so ó mọ́ táyà ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀, yóò máa fọ́n ọ̀dà jáde bí ìrì. Ní Ṣakí ọdún 1981 tí à ń wí yìí, ẹnikẹ́ni kò tún ní irú rẹ̀; Mọ́nsúrù kàn ń yá a lò ni.

"Kí lo fẹ́ fi í ṣe?" Adégbénró bi í.

"Iṣẹ́ kékeré kan ni, Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní kí n wá kun nǹkan lójú àwọn èèyàn lọ́la."

"Níbo?"

"Níbì kan báyìí ni."

"Ó dáa. Padà wá gbà á nírọ̀lẹ́."

Bí Mọ́nsúrù ṣe jáde ni Mojọlá, ìyàwó Adégbénró, yọ láti ẹ̀yìnkùlé, èèpo ẹ̀pà lára aṣọ rẹ̀. "Bàbá Àrínọlá, ẹ̀yin náà sì ń dá a lóhùn! Olè wọlé tọ̀ yín wá lọ́sàn-án gangan, ẹ ní kó padà wá nírọ̀lẹ́!"

"Ṣé kí n lé e ni? Bí mo bá lé e, yóò mọ̀ pé mo ti mọ̀."

Mojọlá fúnra rẹ̀ ló rí nǹkan náà lánàá. Lóṣù méjì sẹ́yìn, Adégbénró dùbúlẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ilé ìwòsàn, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Mọ́nsúrù tó ń kọ pátákó ní gáréèjì, ẹni tó jẹ́ pé Adégbénró ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ìbọn ọ̀dà mú, ló bá a ṣọ́ ìsọ̀. Ìgbà tí Adégbénró padà délé, pẹpẹ tó gbé ọkọ̀ ogun kékeré tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ sí ti ṣófo. Mọ́nsúrù fi orúkọ Ọlọ́run búra: "Ẹ̀gbọ́n, ewúrẹ́ ló wọlé. Ó gun pẹpẹ, ó ti ọkọ̀ yín ṣubú, ó sì tẹ̀ ẹ́ fọ́ yángá. Mo ti da àfọ́kù rẹ̀ nù, kó má baà bà yín nínú jẹ́."

Adégbénró gbà á gbọ́. Ó ṣọ̀fọ̀ ọkọ̀ náà bí ẹni ṣọ̀fọ̀ èèyàn. Àfi lánàá tí Mojọlá lọ ra kẹrosíìnì, tó ń kọjá níwájú gbọ̀ngàn ìlú tí wọ́n ti ń ṣe àfihàn iṣẹ́ ọwọ́, tó rí ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ lórí aṣọ funfun, kò ní àpá kankan lára. Wọ́n kọ ọ́ sí páálí níwájú rẹ̀: Iṣẹ́ Ọwọ́ Mọ́nsúrù. Ọ̀gá ológun kan ń bọ̀ wá wò ó. Ó ń wá ẹni tí yóò máa kọ́ irú ọkọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀, tí wọn yóò máa fi kọ́ àwọn sójà tuntun.

Ọdún méjì gbáko ni Adégbénró fi kọ́ ọ. Agolo mílíìkì ni ara rẹ̀, sípóòkù kẹ̀kẹ́ ni irin ẹsẹ̀ rẹ̀, rọ́bà sílípáàsì ló gbẹ́ ṣe táyà. Ẹsẹ̀ bàtà kan lára ọkọ̀ gidi, íǹṣì kan ló fi dípò rẹ̀, kò fi ìṣó kan sílẹ̀ láìṣe. Nígbà ọyẹ́, yóò wọ́n omi sílẹ̀ ìsọ̀ kó tó kun ún, kí eruku má baà bà lé ọ̀dà tútù. Nígbà ogun abẹ́lé, òun ló wa ọkọ̀ gidi náà. Jẹ́ẹ́dé, ọmọ ìlú rẹ̀, ló ń yìnbọn nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí ọ̀tá yìnbọn lu ọkọ̀ náà, Adégbénró jáde. Jẹ́ẹ́dé kò jáde.

Adégbénró tú ìbọn ọ̀dà náà palẹ̀. Ó fa abẹ́rẹ́ rẹ̀ jáde láti ẹ̀yìn, ọ̀dà ti gbẹ mọ́ ọn lára bí èépá. Orí abẹ́rẹ́ náà sì ti tẹ̀. Ó pòṣé. "Ìgbà mélòó ni mo sọ fún un pé kó tó jẹun, kó fọ̀ ọ́!" Ó rẹ gbogbo rẹ̀ sínú tínà tí wọ́n fi ń fọ ọ̀dà, ó fi ìyẹ́ adìyẹ fọ ihò rẹ̀, ó wá ń yí abẹ́rẹ́ náà díẹ̀díẹ̀ lórí òkúta tó fi ń pọ́n ọ̀bẹ.

"Ẹ fi í sílẹ̀ kó tẹ̀," Mojọlá ní. "Kó tutọ́ sí ọ̀gá sójà lágbádá."

"Sójà kì í wọ agbádá síṣẹ́." Adégbénró gbé abẹ́rẹ́ sókè, ó dijú kan wò ó. "Bí ìbọn bá kọ̀ lọ́la, yóò ní ìbọn ló ba òun jẹ́. N kò fẹ́ kó rí nǹkan kan dì mú. Mojọlá, kí ni wọ́n kọ sára ọkọ̀ yẹn?"

"Ṣebí *AGBA* ni. Àgbá, tí wọ́n fi ń jagun."

Adégbénró rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti àná. "Bí gbogbo ayé ṣe ń kà á nìyẹn. Lẹ́tà ńlá ni, kò ní àmì lórí. Mọ́nsúrù kò sì bi mí léèrè rí."

Ó wọ bàtà, ó gba ilé Ojúọlápé, ìyá Jẹ́ẹ́dé, lọ.

Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́ lọ́jọ́ kejì. Mọ́nsúrù kun pákó kan lójú gbogbo wọn, ọ̀dà ń jáde bí ìkùukùu òwúrọ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Adégbénró náà pàtẹ́wọ́.

"O káre," ni ọ̀gá ológun náà wí. "Ọkọ̀ yìí ńkọ́, ta ló kọ́ ọ?"

"Èmi ni, sà. Orí mi ni mo fi rò ó."

"Orúkọ wo lo kọ sí i lára yìí?"

"Àgbá ni, sà. Àgbá ogun."

"Orúkọ náà yẹ ẹ́."

"Kò yẹ ẹ́ o!" Ojúọlápé ti dìde láàárín èrò, ó fi ọ̀pá tilẹ̀. "Ìwọ ọmọkùnrin yìí, kí lo pe ọkọ̀ ọmọ mi?"

"Màmá, àgbá ni."

"Àgbà ni, aláìmọ̀kan! Òun ló pẹ́ jù nínú àwọn ọkọ̀ wọn, ó máa ń wúkọ́ bí arúgbó. Ìgbà tí Jẹ́ẹ́dé mi wálé kẹ́yìn, ó ní láràárọ̀ lòun ń kí i: 'Àgbà, ẹ kú àárọ̀ o!' Ta ní í kí àgbá ní ẹ kú àárọ̀?"

Ẹ̀rín bú. Ọ̀gá ológun kò rẹ́rìn-ín. "Ta ló kọ́ ọkọ̀ yìí?"

Adégbénró dìde. "Èmi ni, sà. Èmi ni mo wa ti gidi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi Mọ́nsúrù ní ìbéèrè kan. Mọ́nsúrù, ewúrẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ fọ́ yángá níjọ́sí, ṣé òun náà ló tún un tò, tó sì gbé e dé ibí?"

Ẹnì kan ké "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀!" lẹ́yìn, gbọ̀ngàn sì dàrú. Kí Mọ́nsúrù tó dé títì, orúkọ ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀: Mọ́nsúrù Eléwúrẹ́. Kí a má purọ́, ó dùn mọ́ Adégbénró. Ó sùn dáadáa lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ kẹta, lẹ́yìn ìrun àlàásárì, Ojúọlápé wọlé wá. Mọ́nsúrù tẹ̀ lé e, ó ti rù. Ó na gbọọrọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀.

"Adégbénró, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀," ni ìyá àgbàlagbà náà wí. "Wọn kò gbé iṣẹ́ fún un mọ́ ní gáréèjì. Ìyàwó rẹ̀ kò lè pọnmi kí wọ́n má ké bí ewúrẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnu mi ló kọ́kọ́ lù ú ṣubú, òun ni mo ṣe wá. Tèmi lọ, kò bọ̀. Èyí ṣì wà láyé. Fi orí jì í."

"Mo ti gbọ́, Màmá."

Ìyá náà ń retí. Ẹni tó gba ẹ̀bẹ̀ yóò ní "ó ti tán", yóò sì ní kí ẹni tó wà nílẹ̀ dìde. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é nílé wa.

"O ti gbọ́?"

"Mo ti gbọ́."

"Kí ló wá kù?"

Adégbénró lọ sí ìdí pẹpẹ, ó gbé ọkọ̀ náà tí wọ́n ti dá padà fún un, ó fi aṣọ mímọ́ wé e. "Tiyín ni, Màmá. Ẹ máa gbé e lọ."

Ojúọlápé fi ìka kan ilẹ̀kùn tíńtín ara rẹ̀. "Ibí ni Jẹ́ẹ́dé mi ń gbà wọlé?"

"Ibẹ̀ ni."

Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún.

"Ẹ jẹ́ kí n sìn yín délé," ni Adégbénró wí. Ó di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n rọra yà fún ẹsẹ̀ Mọ́nsúrù, wọ́n jáde síta.

"Bàbá Àrínọlá," Mojọlá pè é láti ojú fèrèsé, "ọmọ èèyàn ṣì wà nílẹ̀ o!"

"Mo rí i," Adégbénró dáhùn. Ó ń bá ìyá náà rìn lọ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀, kò wẹ̀yìn.