Òpó Ibùdókọ̀ Tó Ń Wá Ibi Tí Yóò Dúró Sí

Ẹ jẹ́ kí n rọ́ àlá mi fún yín kí ó tó fò lọ lórí mi. Ojú ọ̀sán gangan ni mo lá a lánàá, lórí ìjókòó. Ibi tí mo ti sùn, ìyẹn ni n óò sọ kẹ́yìn.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé orúnkún ń dun ìyá mi. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń lọ sí ọsibítù, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi ń rìn dé oríta kí wọ́n tó rí ọkọ̀ wọ̀, nítorí kò sí ọkọ̀ tó ń wọ Òkè-Àgbede wa. Nígbà tí a gbọ́ pé ìjọba fẹ́ fi bọ́ọ̀sì ńlá so ìlú méje agbègbè yìí pọ̀, inú mi dùn. Àfi bí wọ́n ṣe fi àwòrán ọ̀nà náà hàn wá, tí mo rí i pé ẹ̀yìn òkè ló gbà, kò yà sọ́dọ̀ wa rárá. Wọ́n ní ìpàdé ń bọ̀, kí kálukú wá sọ èrò rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀.

Nínú àlá ọ̀hún, òpó ibùdókọ̀ kan wá kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi. Irin gígùn ni, pátákó wà lórí rẹ̀, ó sì di ẹrù rẹ̀ dání bí ẹni tí onílé lé jáde. Aránṣọ ni mí, mo rò pé ó fẹ́ rán aṣọ ni. Mo mú téèpù, mo ń wọn èjìká rẹ̀.

"Ìyá aránṣọ, ẹ kú iṣẹ́ o," ó wí. "Aṣọ kọ́ ni mo bá wá. Wọn ò tíì sọ ibi tí n óò dúró sí fún mi ni, ẹsẹ̀ sì ń ro mí."

Mo ní, "Ṣebí ẹnu ọ̀nà ìyá mi ṣófo. Wá dúró síbẹ̀."

"Inú mi ìbá dùn. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo ń yàn án. Ẹ̀yin lẹ máa lọ sọ ọ́ ní ọ́fíìsì. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

Ó dára, a gbéra. Ojú ọ̀run ni ọ́fíìsì náà wà. Wọ́n fi okùn so ó mọ́ òpó iná kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ kejì. Mo bọ́ bàtà, mo gun okùn lọ. Òpó ní òun óò bá mi ṣọ́ bàtà náà.

Bí mo ṣe wọlé, ọ́fíìsì ti di gbọ̀ngán ìlú wa, èrò kún un. Mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ọ̀gá àwọn tó ń ya ọ̀nà, Ọ̀gbẹ́ni Adégbìtẹ́, tẹ́ àwòrán agbègbè wa sórí tábìlì. Aṣọ funfun ni, òwú pupa ni wọ́n fi ṣe ọ̀nà bọ́ọ̀sì lórí rẹ̀. Ìyá mi ń rìn lórí aṣọ náà, wọn ò tóbi ju abẹ́rẹ́ lọ. Bí wọ́n bá ti fẹ́ dé ìdí òwú, òwú á sún. "Rọra o, ọmọ mi," ni wọ́n ń sọ fún un, wọ́n á sì tún máa tẹ̀ lé e. Àánú wọn ṣe mí débi pé omi bọ́ lójú mi.

"Ká tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ ká gbàdúrà," ni Ọ̀gbẹ́ni Adégbìtẹ́ wí. Ìpàdé wo la sì ń ṣe láìgbàdúrà? "Ìlú yìí kò ní bàjẹ́."

"Àmín!"

"A ò ní fẹsẹ̀ ko àgbákò."

"Àmín!"

"Ọ̀nà wa yóò gba ẹ̀yìn òkè kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́."

"Àmín!" Ohùn tèmi gan-an ló ròkè jù.

Akọ̀wé ń fi agbọ̀n gbe Àmín bó ṣe ń jábọ́. Ó kà wọ́n tán, ó ní, "Ó lé ní igba. Ará ìlú ti fọwọ́ sí i."

"Àdúrà la ṣe o," mo wí. "A ò tíì sọ èrò wa."

"Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, a óò gbé e yẹ̀ wò."

Mo kọ ọ́, mo nà án sí ọ̀gá. Ó gbóòórùn rẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ gùn, ìwo yọ lórí rẹ̀, ó di òbúkọ, ó sì jẹ ìwé náà. Gbogbo òṣìṣẹ́ tó kù di ewúrẹ́. Ọ̀gá ṣì ni ọ̀gá, mo tún un kí.

"Ṣé ẹ ti gbé e yẹ̀ wò, sà?"

"A ṣì ń jẹ ẹ́ ní àpọ̀jẹ," òbúkọ náà dáhùn, ẹnu rẹ̀ kún. "Irú ọ̀rọ̀ báyìí kò gba ìkánjú." Ló bá gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè. "Àdúrà ìparí! Ọ̀nà yìí kò ní yà sí Òkè-Àgbede láéláé!"

Mo fa àlùmọ́gàjí yọ kí n gé òwú náà, mo lanu kí n kọ̀. "Àmín" ló jáde. Mo fọwọ́ bo ẹnu, "Àmín" gba imú jáde. Òpó ń pariwo láti ìsàlẹ̀ pé, "Ẹ sọ ọ́, Ìyá aránṣọ, ẹ sọ ọ́!" Mo fi gbogbo agbára mi kígbe pé, "Rárá!"

Igbe yẹn ló jí mi. Ibi ìpàdé gan-an ni mo wà, nínú gbọ̀ngán ìlú. Àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ tí pásítọ̀ ń gbà ti gùn jù, oorun ti gbé mi lọ. "Ọlọ́run yóò wà pẹ̀lú wa níbí," ni pásítọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wí. Gbogbo èèyàn ní "Àmín", èmi ní "Rárá".

Wọ́n yíjú sí mi. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin tó wá láti ọ́fíìsì ìjọba, tó mú bírò dání, ní, "Màmá, kí lẹ ò fara mọ́?"

Ojú tì mí gan-an. Ṣùgbọ́n ẹni tójú ti tì tán, kí ló tún kù tó ń bẹ̀rù? Mo dìde. "Ọ̀nà yẹn ni mi ò fara mọ́. Ìyá mi a máa jókòó lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó rìn dé oríta. Ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀sì yìí yà sọ́dọ̀ wa."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo lọ wo ohun tó kọ. "Ìyá àgbàlagbà kan," ló kọ síbẹ̀.

Mo ní, "Ọmọ mi, ìyá mi ní orúkọ."

Ó wò mí, ó pa á rẹ́. Mo pe orúkọ náà fún un, mo sì dúró tì í títí ó fi kọ ọ́ tán: Ẹniafẹ́ Oyèwùmí, Òkè-Àgbede.