Ewúrẹ́ Tí Kò Níwo

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fẹnu ara mi sọ òmùgọ̀ tèmi, kí ẹlòmíràn má baà bá mi sọ ọ́. Mo pe Àtọ́kẹ́, ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà ọmọge, ní olè nítorí ewúrẹ́. Mi ò sì pè é bẹ́ẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Mo fi fóònù pe ìyá ìjọ wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo ní Àtọ́kẹ́ ń ta ọmọ ewúrẹ́ mi jẹ.

Ọdún kẹta nìyí tí mo fún un ní abo ewúrẹ́ kan sìn. Tó bá bí, a ó pín ọmọ. Ìgbàkígbà tí mo bá béèrè, ó ní kò lóyún. Ewúrẹ́ wo ni kì í lóyún fún ọdún mẹ́ta? Ni mo bá wọ mọ́tò l'Ọ́yọ̀ọ́, mo ń dá sọ̀rọ̀ bí ayírí títí mo fi sọ̀ ní Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Àtọ́kẹ́ ò bá mi jà. Ó kí mi kú ìrìn, ó fún mi lómi, ó mú mi lọ sẹ́yìnkùlé. Comfort, dókítà ẹran tó ń gbé ládùúgbò Under G, tí Àtọ́kẹ́ ti pè nítorí ẹ̀sùn mi, ti di ewúrẹ́ náà mú síbẹ̀. Mo wò ó, ẹnu mi ò padé mọ́. Ọrùn rẹ̀ ki, ó ń rùn bí òbúkọ. Comfort ní kí n gbé ìrù rẹ̀ sókè kí n fojú ara mi rí i. Ọmọ mẹ́fà ni mo bí, mi ò rí irú rẹ̀ rí: ojú ara abo ni, àmọ́ nǹkan kan yọ síta níbẹ̀ bí ẹ̀wà. Mo jókòó lé ìgbẹ́ ewúrẹ́, mi ò tilẹ̀ mọ̀.

"Mà, ṣé bàbá rẹ̀ níwo?" Comfort bi mí.

"Kò níwo."

"Ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

"Òun náà ò níwo. Èmi ni mo ṣà wọ́n bẹ́ẹ̀."

Mo wá rò fún un. Láti ọjọ́ tí òbúkọ oníwo kan ti kàn mí nídìí, tí mo dojú bọ ọpọ́n ògì lójú àwọn àna mi, mi ò sin oníwo mọ́. Tí wọ́n bá ti bí ọmọ ewúrẹ́, màá fi àtàǹpàkò wá orí rẹ̀. Tí irun ibẹ̀ bá yí po lójú méjì, tí nǹkan líle sì wà lábẹ́ rẹ̀, ìwo ń bọ̀ nìyẹn. Kí oṣù kan tó pé, ṣóńṣó rẹ̀ á ti yọ. Tó bá ti já lẹ́nu ọmú, mo tà á. Èyí tí orí rẹ̀ tẹ́jú ni mò ń sìn. Ọgbọ́n ni mo pè é.

"Tí akọ àti abo ò bá níwo, mà, abo tí wọ́n bá bí lè rí báyìí, kó má ṣe akọ, kó má ṣe abo," ni Comfort wí. "Kò lè lóyún láéláé."

Mo fẹ́ fi ẹ̀rín gbé e. Mo ní àṣé ọpọlọ mi ni òbúkọ ọjọ́sí kàn. Comfort rẹ́rìn-ín. Àtọ́kẹ́ ò rẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀ fún un nínú ìgbẹ́ yẹn, èmi tí mo fi oṣù mẹ́ta jù ú lọ.

Kò fà mí dìde. Ó ní, "Wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi, Àjíkẹ́. Ọdún méjìdínlógún ni mo fi tọ́jú rẹ̀. Ṣé wàá tẹ̀ lé mi lọ lọ́jọ́ Ìsinmi, kí o sọ ohun tí o rí yìí lójú gbogbo wọn?"